Aago Tó Ń Dún Láti Iwájú Orí Tíṣà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi mí pé èwo ló dára jù. Ó ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan kò ní mú ọmọ rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Okitipupa níbí pé, "Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ bá wa gbà á nímọ̀ràn." Bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ á máa wo fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó kà á. Èmi kò ní tún un sọ mọ́.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ló tún dá kún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé fóònù tirẹ̀ síwájú mi. Ọkùnrin òyìnbó kan ló wà níbẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ọwọ́ kò ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹnu kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi nǹkan kékeré kan sínú agbárí rẹ̀. Ó ń ro ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ, kọ̀ǹpútà sì ń kọ ọ́ jáde. "Bàbá àgbà, ẹ ò tíì rí irú èyí rí, àbí?" Mo ní mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, níbí, pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀ àti aago ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un, kí ẹ̀yin náà gbọ́.

Ọmọ Osooro ní ilẹ̀ Ikálẹ̀ ni mí. Ikálẹ̀ là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n Yorùbá inú ìwé ni mo fi kọ èyí, kí àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ti Èkìtì àti Ọ̀ṣun wá bá wa gbé má baà sọ pé àwọn kò gbọ́. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Láyẹmí ni mo ti kọ́ṣẹ́. Rédíò ni Ọ̀gá ń tún ṣe, àwọn rédíò onígílóòbù ayé ìgbà yẹn, tó wúwo tó ọmọ ọdún kan, tó ní láti gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yẹn le. Bí o bá fi áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó òjé sórí tábìlì láìgbé e sórí ìjókòó rẹ̀, o kò ní jẹun ọ̀sán. Bí o bá pàdánù bóòtù kékeré kan, ìwọ àti ilẹ̀ ni ẹ jọ máa wà títí o fi rí i. N kò fọwọ́ kan inú rédíò fún ọdún kan gbáko. Ìwé ni mo ń kọ. Bí oníbàárà bá wọlé, èmi ni màá bi í ní ohun tó ṣe rédíò rẹ̀, màá kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, n kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Bí Ọ̀gá bá dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi wá: "Kí ni oníǹkan wí?"

Ìbéèrè yẹn sú mi dé góńgó. Mo rò pé ojú mi mọ̀ ọ́n ju ẹnu oníbàárà lọ. Lọ́jọ́ kan tí Ọ̀gá kò sí nílé, ìyá àgbàlagbà kan gbé rédíò tirẹ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀, ó ní òun ń kánjú lọ sí ọjà. Ó fẹ́ sọ nǹkan, mo ní, "Màmá, ẹ máa lọ, mo ti mọ̀ ọ́n." Mo tú rédíò náà palẹ̀. Mo yọ gbogbo gílóòbù, mo nu wọ́n, mo dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó ṣe ẹyọ kan. Mo tún jó òjé sí àwọn ibi tí kò bàjẹ́. Ọ̀gá dé, ó wo tábìlì, ó wò mí.

"Kí ni oníǹkan wí?"

Mo ní n kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ní kí n to rédíò náà padà, kí n rù ú, kí n lọ wá ìyá náà rí lọ́jà. Mo rù ú káàkiri nínú oòrùn. Nígbà tí mo rí i, ó ní, "Ọmọ mi, kò kúkú bàjẹ́. Ojú mi ni kò rí nọ́ńbà mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀dà sàmì síbi tí ìròyìn ti ń bọ̀ ni." Ọ̀dà! Àmì kan! Mo sunkún ìbínú bọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀gá kò nà mí. Ó kàn gbé ọ̀dà fún mi ni. Ẹ fi ìtàn yẹn sọ́kàn, nítorí mo tún ṣe irú àṣìṣe yẹn lẹ́yìn tí irun mi ti ń funfun.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ ilé ìwòsàn kò gùn. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa iná, mo mọ̀ nípa iná, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Gílóòbù lọ, tìràǹsísítọ̀ dé, lẹ́yìn náà ni àwọn pátákó kéékèèké oní-ẹsẹ̀-kòkòrò wọ̀nyẹn dé, tí èèyàn kò lè tú, tí wọ́n ní kí a kàn jù nù kí a ra òmíràn. Níbo ni a ti fẹ́ rà á? Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá yóò wà ní èdè Jámánì. Ẹ̀rọ á dé lónìí, iná á jó o lọ́la. Bí mo ṣe lo ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, mo ń bú àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, mo ń bú àwọn tó rà á, mo ń tún un ṣe.

Ẹ̀rọ tí mo mọ̀ jù ni èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Ara èèyàn ní iná díẹ̀ nínú, iná tín-ín-tín, ẹ̀rọ yẹn á gbà á láti ara awọ, á sọ ọ́ di ńlá, abẹ́rẹ́ á sì máa fi í ya ìlà. Bí aláìsàn bá gbọ̀n, tàbí tó mira, ìlà á bàjẹ́, dókítà á pariwo mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo gbọ̀n. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ìmira àwọn aláìsàn ṣèbínú kí ó tó di ohun tó wúlò.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n tí gbogbo ayé ń tò láti rà á, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Tíṣà Ọmọ́tádé. Gbogbo wa là ń pè é ní Tíṣà, nítorí hẹ́dímásítà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ìdajì àgbàlagbà ìlú yìí ní ìwé. Ó ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, ó ṣubú. Nígbà tí wọ́n gbé e padà sílé láti ọsibítù, kò sí ohun tó ṣeé mì lára rẹ̀ mọ́ ju ojú àti iwájú orí lọ. Kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Màmá Bọ́sẹ̀, tó ń kọ́ni ní pírámárì tó wà ní iwájú ilé wọn gan-an, ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Bí Tíṣà bá gbójú sókè, bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá gbé e sílẹ̀, rárá. Wàhálà ibẹ̀ ni Bàbá Jóòbù, ẹ̀gbọ́n Tíṣà, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ní Òde-Ayé. Bàbá Jóòbù fẹ́ gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé bàbá wọn níbẹ̀. Màmá Bọ́sẹ̀ ní ọkọ òun kò fẹ́ kúrò nílé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, níbi tó ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé láti ojú fèrèsé. Bàbá Jóòbù ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Obìnrin náà ní, "Ojú rẹ̀ ló sọ ọ́." Bàbá Jóòbù ní, "Ojú! Ojú gbogbo èèyàn ló ń lọ sókè sódò. Ìwọ ni ò ń sọ ohun tó wù ẹ́, tí o ń fi sí i lẹ́nu."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Màmá Bọ́sẹ̀ fi wá bá mi ní ibi iṣẹ́. Kò jókòó. "Bàbá Ẹlẹ́rọ, mo fẹ́ ohun tí yóò bá ọkọ mi dáhùn, tí kì í ṣe èmi. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà yóò gbọ́. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ, kò sì sí ẹni tó bi í."

Dókítà àgùnbánirọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ọmọdé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn kan pé àwọn òyìnbó ti ń gbìyànjú láti gba iná inú ọpọlọ láti orí awọ orí, kí ẹni tó rọ lè fi darí kọ̀ǹpútà. Mo ní kọ̀ǹpútà wo? Ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nílé ìwòsàn, akọ̀wé àgbà ti fi aṣọ bò ó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ̀rọ ọkàn kan ti kú sínú yàrá ẹrù, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wúlò mọ́. Mo tọrọ rẹ̀, wọ́n fún mi. Mo tún un ṣe kó lè máa lo bátìrì ọkọ̀, nítorí n kò ní so ara èèyàn mọ́ iná ìlú wa yìí láéláé.

A fá irun Tíṣà, mo lẹ àwọn bàbà pẹlẹbẹ mọ́ ọn lórí, mo ní kó ro "bẹ́ẹ̀ ni" kíkankíkan. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó! Màmá Bọ́sẹ̀ pariwo "Jésù!" Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè ṣàpèjúwe. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń béèrè ọ̀rọ̀, tí abẹ́rẹ́ ń jó. Ó jó fún bẹ́ẹ̀ ni, ó jó fún rárá, ó jó nígbà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin tó ń lọ gàrí lẹ́yìnkùlé wọn pa ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, ó lọ jẹun. Abẹ́rẹ́ dúró ṣinṣin. Ó padà dé, ó tan ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ jó. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá ẹ̀rọ ìlọta sọ̀rọ̀, tí mo rò pé Tíṣà ni!

Mo pòṣé. Mo bú ẹ̀rọ, mo bú gàrí, mo bú òyìnbó tó kọ̀wé ìròyìn. Bí mo ṣe ń bú wọn ni mo gbójú sókè, mo rí Tíṣà. Iwájú orí rẹ̀ ti hunjọ. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín! Ibì kan ṣoṣo tó kù tó lè fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ọ̀kan nínú bàbà mi ti yọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí rẹ̀ wá sí iwájú orí, abẹ́rẹ́ sì fò débi pé ó ta jáde lórí bébà. Iná ẹran ara ni, kì í ṣe ti ọpọlọ ní tààràtà, ó sì lágbára ju iná tí ẹ̀rọ ìlọta ń jù sí i lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìmira aláìsàn tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá ló gbà mí.

Mo gbé bàbà sí iwájú orí. Dípò abẹ́rẹ́, mo so aago ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn: bó bá hun iwájú orí jọ, aago á dún. Lílù kan, bẹ́ẹ̀ ni. Lílù méjì, rárá. Màmá Bọ́sẹ̀ ló béèrè ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. A rò pé yóò béèrè ohun ńlá. Ó ní, "Ṣé ìrọ̀rí yìí ga jù ni?" Aago dún lẹ́ẹ̀kan. Ìrọ̀rí ti ga jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Obìnrin náà yọ ìrọ̀rí, ó gbé ojú pamọ́ sínú rẹ̀, ó sunkún. Èmi náà jáde síta, mo ní mò ń lọ wo bátìrì.

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Jóòbù wá wò ó, mo dìde dúró, mo na ìka sókè, mo ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yìí kì í purọ́. Ohunkóhun tó bá sọ, Tíṣà ló sọ ọ́." Bàbá Jóòbù béèrè bóyá òjò ń rọ̀, aago ní rárá. Ó béèrè bóyá òun ni ẹ̀gbọ́n, aago ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Ní Sátidé, kí gbogbo ẹbí pé. Màá bi í lójú yín. Bó bá ní òun kò lọ, n kò ní sọ̀rọ̀ náà mọ́." Màmá Bọ́sẹ̀ dì mọ́ mi. Mo ń rìn lọ sílé, àyà mi gbòòrò.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀rọ̀ aago ti tàn kálẹ̀ dé Ìlútítun. Ẹ mọ bí a ṣe ń kí aláìsàn lọ́dọ̀ wa. Ẹnìkan kò lè wọlé kó kàn sọ pé "pẹ̀lẹ́" kó sì jókòó. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, ẹgbẹ́ àwọn ìyá láti ṣọ́ọ̀ṣì ti kún inú pálọ̀. "Tíṣà, ẹ kú ara àìle o." Aago dún. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Aago dún. "Ṣé oúnjẹ ń lọ?" Aago. "Ọlọ́run á gbé yín dìde o." Aago! Kí ni Tíṣà fẹ́ dáhùn sí ìyẹn? Àwọn tó kọ́ níwèé dé tẹ̀lé wọn, àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Olúkúlùkù fẹ́ kí aago dún fún òun. Ẹni tó bá dún fún á jáde, á máa sọ fún àwọn tó kù pé, "Ó dá mi lóhùn!" Obìnrin kan tí aago kò tètè dún fún bínú, ó ní, "Kí ni mo fi ṣe Tíṣà?" Ó tún padà wá kí i lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi." Wọ́n ní, "Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì ń wọlé lọ.

Ní ọ̀sán, ẹbí pé. Bàbá Jóòbù tún fìlà ṣe, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Ikálẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọma ìyá mi. Ulé bàbá wa ni mo fẹ́ gbé ẹ lọ. Ṣé o máa bá mi lọ? Ẹ̀ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, rárá."

Aago kò dún.

Mo wo iwájú orí Tíṣà. Òógùn ń ṣàn níbẹ̀, ẹran ara náà ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní agbára mọ́. Ó ti ná gbogbo rẹ̀ tán sórí ìkíni. Ojú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, sílẹ̀, sílẹ̀. Màmá Bọ́sẹ̀ kígbe pé, "Ẹ wo ojú rẹ̀! Ó ń sọ pé rárá!" Bàbá Jóòbù béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un di ọjọ́ kejì, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bàbá Jóòbù yíjú sí mi. Kò pariwo.

"Ìwọ lo sọ pé ẹ̀rọ yìí kì í purọ́. Bí kò bá fẹ́ lọ, ì bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Kò lù ú."

Òótọ́ ni. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Wọ́n gbé Tíṣà sínú ọkọ̀, Màmá Bọ́sẹ̀ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú títí wọ́n fi rọra tú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí tábìlì. Nínú gbogbo ìwà òmùgọ̀ tí mo ti hù nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó dùn mí tó ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò sí epo. Lọ́jọ́ tí mo rí ọ̀kadà kan tó ní epo, mo gbé bátìrì sórí itan, Màmá Bọ́sẹ̀ gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn mi, a gba ọ̀nà Òde-Ayé. Mo ti múra ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, Bàbá Jóòbù fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ fún Tíṣà, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ń fi kànìnkànìn rọra nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ara Tíṣà mọ́, aṣọ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn tún bí mi nínú, nítorí n kò rí ẹni tí màá bá jà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sùn síbí. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tó kí i, ẹ tún un bi. Bó bá ní òun fẹ́ máa gbé níbí, èmi fúnra mi ni màá fọ́ ẹ̀rọ yìí." Ó gbà.

Mo wá páálí kan, mo fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ KÍ TÍṢÀ. Mo gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé dúró síta, wọ́n ń wo páálí bí ẹni wo èèmọ̀. Bàbá Jóòbù wọlé, kò tilẹ̀ kí i pé káàárọ̀. Ó béèrè bí ti Sátidé gẹ́lẹ́. Aago dún lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí ìbéèrè padà, ó ní, "Ṣé Okitipupa lo fẹ́ padà sí?" Aago dún lẹ́ẹ̀kan. Ó tún béèrè. Ẹ̀ẹ̀kan.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Omi dà lójú rẹ̀. "Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Kò sí bí aago ṣe lè dáhùn ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí wọ́n lọ bá òun wá ọkọ̀. Ó yíjú sí Màmá Bọ́sẹ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, má bínú. O kò fi nǹkan kan sí i lẹ́nu."

A gbé Tíṣà padà sílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rò pé mo ti gbọ́n. Mo gbé páálí mi dání láti Òde-Ayé, mo kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé Tíṣà pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n kà á, wọ́n yí padà. Àwọn tó kọ́ níwèé dé, wọ́n yọjú, wọ́n lọ. Ilé dákẹ́. Aago kò dún ju pé ó fẹ́ omi tàbí kí wọ́n yí òun lọ. Inú mi dùn. Ẹ̀rọ mi ń sinmi, bátìrì mi ń pẹ́. Oṣù kan kọjá bẹ́ẹ̀.

Màmá Bọ́sẹ̀ ló wá ronú kan álífábẹ́ẹ̀tì. Ó yá pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, ó pín lẹ́tà rẹ̀ sí ìlà mẹ́rin. Yóò tọ́ka sí ìlà, bí aago bá dún, yóò wá máa ka lẹ́tà inú ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tíṣà lè kọ ọ̀rọ̀ báyìí! Bàbá Jóòbù wá láti Òde-Ayé nítorí rẹ̀. Gbogbo wa rọ̀gbà yí i ká. Màmá Bọ́sẹ̀ ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀, kí ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń fẹ́ sọ láti ọjọ́ yìí?"

Ó lọ díẹ̀díẹ̀. Y. Lẹ́yìn náà, Ọ. Bàbá Jóòbù ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Yọ̀? Ó ní ká máa yọ̀?" Mo ní kó dákẹ́. P. A. A. Ó sinmi, òógùn ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká fi ìyókù di ọ̀la, aago dún lẹ́ẹ̀mejì, gán-án gán-án, rárá. L. I.

Màmá Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yíjú sí mi.

Yọ páálí.

Ẹ wò ó, mo bínú. Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bátìrì, àti ti ẹran ara tó ń rẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé ọjọ́sí. Ṣùgbọ́n Tíṣà ń wò mí, iwájú orí rẹ̀ dán, kò hunjọ rárá, kò fi mí rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ń dúró dè mí. Gbogbo oṣù yẹn ló fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń kàwé, tí wọ́n ń yí padà. Èmi ni mo pinnu ohun tó yẹ kó fi agbára rẹ̀ ṣe. Màmá Bọ́sẹ̀ kọ́ ló fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bàbá Jóòbù sì ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni n kò bi í.

Mo wá ẹ̀mú tí a fi ń yọ ìṣó, mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò tíì gbé páálí náà kúrò lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan tó ń kọjá lọ sọ́jà dúró, obìnrin yẹn kan náà tó bínú ní Sátidé ọjọ́sí, ó na ọrùn wọlé, ó ní, "Tíṣà o! Ẹ kú ilé o!"

Aago dún kó tó pa ẹnu dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, ohun tí mo mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kò ju ìyẹn lọ. Irinṣẹ́ á máa yí padà, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín. Ọmọ-ọmọ mi ní wọ́n ti ń gbà á láti inú ọpọlọ tààrà báyìí, ó dáa, ẹ̀rọ ìlọta kò ní dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá Láyẹmí ti kú tipẹ́ kí Tíṣà tó ṣubú. Ká ní ó wọlé wá lọ́jọ́ náà, tó bá mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin ní àtẹ́lẹwọ́, mo mọ ohun tí ì bá bi mí, ǹ bá sì dá a lóhùn: Ọ̀gá, oníǹkan ní kí n yọ páálí mi, kí n jẹ́ kí wọ́n kí òun.